Ẹ̀yìn Ló Ń Dùn Wọ́n, Oògùn Ìsoríkọ́ Ni Wọ́n Gbà Bọ̀

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí mo dé ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ariwo ti gba ibẹ̀ kan. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó kó iṣu àti ẹ̀wà wá láti Òkè Ọya tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, èéfín wọn ń dàpọ̀ mọ́ òórùn ata gbígbẹ, mọ́ ti àlùbọ́sà tó ti ń rà, mọ́ ti ẹrẹ̀ tí òjò àná fi sílẹ̀, àwọn alábàárù sì ń já gba àárín wa kọjá pẹ̀lú àpò lórí, òógùn ń ṣàn wọ̀ wọ́n lójú, wọ́n ń ké pé, "Àgò o! Àgò lọ́nà!" Mo yẹ̀ fún ọ̀kan, mo bọ́ sọ́nà èkejì. Ibi tí wọ́n ti ń ta èlùbọ́ ni mo ń lọ. Eruku èlùbọ́ bo ohun gbogbo níbẹ̀: igbá, aṣọ, irun, ìpéǹpéjú. Imú bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi.

Ìyá tí mo torí wọn wá ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún. Ìyá Elélùbọ́ ni n ó máa pè wọ́n níhìn-ín. Wọ́n fi bẹ́líìtì dúdú fífẹ̀ kan, irú èyí tí wọ́n ń kiri lójú títì, di ìbàdí pinpin lórí ìró, wọ́n sì kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì ti tábìlì kí wọ́n tó rọra jókòó. Ó ti lé lọ́dún kan tí ẹ̀yìn ti ń dùn wọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbàdí, ó gba ìdí, ó sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ òsì títí dé ọrùn ẹsẹ̀.

"Ọ̀sán ṣì sàn," ni wọ́n wí. "Òru ni kí ẹ bi mí. Bí mo bá yí sọ́tùn-ún, á ta mí. Bí mo bá yí sósì, á tún ta mí. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti ń pe ìrun."

Wọ́n fa ọ̀rá dúdú kan jáde lábẹ́ tábìlì, wọ́n tú u fún mi wò. Alábùkún wà níbẹ̀, tí aspirin àti kaféènì wà nínú rẹ̀. Páálí ibuprofen tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán wà níbẹ̀. Ìpara gbígbóná oríṣi méjì wà níbẹ̀, pẹ̀lú agbo jẹ̀díjẹ̀dí nínú ike omi. Bí wọ́n ti ń tò wọ́n sílẹ̀ fún mi ni ọkùnrin kan yọ láti ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ ẹ̀wà, tó ru ọpọ́n ìgò, àwọn ìgò náà ń ró woroworo bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀, tó ń polówó: "Ọ̀pá ẹ̀yìn rè é o! Jẹ̀díjẹ̀dí! Làkúrègbé! Ara ríro!" Alábàárù méjì dá a dúró. Ó ṣí ìgò. Òórùn ọtí líle dé ọ̀dọ̀ mi níbi tí mo jókòó sí. Wọ́n dà á sọ́nà ọ̀fun, wọ́n fajú ro, wọ́n nu ẹnu, wọ́n padà sídìí ẹrù.

Bí ìrora ẹ̀yìn bá ti kọjá oṣù mẹ́ta, àwọn oníṣègùn kà á sí èyí tó ti di bárakú. Ní 2020, mílíọ̀nù 619 ènìyàn ló ní ìrora ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn káàkiri àgbáyé. Kò sí àìlera mìíràn tó ń dá ènìyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ tó o.

A wọ máíkírà lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kan láàárín ìgboro. Ọmọ Ìyá Elélùbọ́ obìnrin, tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, ló gbé ẹsẹ̀ òsì ìyá rẹ̀ wọlé kí ó tó ti ilẹ̀kùn. Oòrùn ti yọ nígbà yẹn, irin ọkọ̀ ti ń gbóná, èjìká wa sì lẹ̀ mọ́ra wọn ní ẹ̀yìn ọkọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ mímí ìyá náà ní gbogbo ìgbà tí táyà bá já sí kòtò.

"Awakọ̀, ẹ rọra o. Ẹ̀yìn ń dun ìyá mi," ni ọmọ náà sọ.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màmá. Ọ̀nà ni ò dáa." Ó wò wá nínú dígí. "Ẹ̀yìn tèmi náà ń dùn mí. Bí mo bá ti lo tírámádọ́ọ̀lù láàárọ̀, ó parí."

Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ìwádìí kan tí ìjọba Nàìjíríà àti UNODC, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oògùn olóró, gbé jáde ní 2019 sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 4.6 ọmọ Nàìjíríà ló lo tírámádọ́ọ̀lù, kodéènì àti àwọn ẹbí wọn láàárín ọdún kan láìjẹ́ pé oníṣègùn ló ní kí wọ́n lò ó bẹ́ẹ̀.

Òórùn Ízàl ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. A gba káàdì lójú fèrèsé kan, a sanwó lójú fèrèsé kejì, wọ́n ní kí á lọ jókòó. Àga onírọ́bà tò ní ìlà mẹ́ta, gbogbo wọn ló kún, àwọn tí kò ráyè jókòó fara ti ògiri, fáànù òkè ń yí jẹ́jẹ́ láìfẹ́ atẹ́gùn sí ẹnikẹ́ni, ọmọ ọwọ́ kan ń ké, nọ́ọ̀sì sì ń pe orúkọ láti inú yàrá pẹ̀lú ohùn tó ti há. Wọ́n mú iná lọ. Fáànù dúró. Jẹnẹrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn ilé, òórùn dísù gba ojú fèrèsé wọlé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n ń sọ lórí ìlà. Ìyá kan ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún òun nígbà ìbímọ ló fà á. Bàbá kan tó fi kẹ̀kẹ́ Marúwá ṣiṣẹ́ ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kò sí ohun mìíràn. Ẹnì kan ní ọwọ́ ayé wà níbẹ̀. Ìyá Elélùbọ́ kò dá sí i. Wọn kò lè jókòó pẹ́. Wọ́n á dìde, wọ́n á rìn díẹ̀, wọ́n á padà.

Oòrùn ti dé àtàrí kí wọ́n tó pè wá. Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí. Ó dìde kí wọn. "Ẹ káàsán, Màmá. Ẹ kú ìjókòó." Ó ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja lórí bẹ́ẹ̀dì, ó di gìgísẹ̀ òsì mú, ó ń gbé ẹsẹ̀ náà sókè ní nínà. Kò tíì gbé e dé ìdajì tí wọ́n fi ké "Yéè!" Ó fi òòlù kékeré lu orúnkún. Ó fi abẹ́rẹ́ tọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wò. Ó wá ń bi wọ́n ní ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń bọ́ lára yín láìmọ̀? Ṣé abẹ́ yín kú tipiri? Ṣé ẹsẹ̀ ń ṣe yín bíi pé kò lágbára mọ́? Ṣé ibà ń ṣe yín lálẹ́? Ṣé ẹ ń rù láìnídìí? Ṣé jẹjẹrẹ ti ṣe yín rí?

Rárá ni wọ́n ń dáhùn.

Ó yíjú sí mi. "Ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí èyí tó jẹ mọ́ ìtọ̀, abẹ́ àti agbára ẹsẹ̀, kí ó má dúró de ọ̀la. Ọjọ́ yẹn náà ni kó wá."

"Ẹ ò ní yà mí ní fọ́tò ni?" ni ìyá béèrè.

"Kò tíì kàn án, Màmá. Eegun ẹ̀yìn tó ti jẹ wà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn tí nǹkan kan kò dùn. Bí a bá yà á, ohun tí mo fẹ́ ṣe fún yín kò ní yí padà." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé ẹ ń sùn?"

Wọ́n wo ilẹ̀. "Mi ò rántí ìgbà tí mo sun oorun àsùnwọra gbẹ̀yìn."

Ó kọ̀wé. Amitriptyline ni, ìdajì hóró lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kìíní, kó tó di odindi hóró, miligíráàmù 25. Ó kọ ìwé kejì pé kí wọ́n lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, àwọn físíò.

Ojú fèrèsé ilé oògùn ni ọ̀rọ̀ ti dàrú. Ìlà gùn níbẹ̀, oòrùn ń pa wá lórí, gbogbo wa sì ń sún mọ́ ògiri nítorí ìbòòji tóóró kan. Wọ́n na páálí oògùn jáde. Ọmọ ìyá náà ṣí ìwé inú rẹ̀, ó ń kà á wúyẹ́wúyẹ́, ó dákẹ́, ó yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó tún kà á níbẹ̀.

"Màmá, oògùn ìsoríkọ́ nìyí."

"Oògùn kí ni?"

"Ti àwọn tó sorí kọ́. Òun ni wọ́n kọ síbẹ̀."

Ìyá Elélùbọ́ gbé páálí náà lé ojú fèrèsé. "Ẹ̀yìn ni mo ní ó ń dùn mí. Ṣé orí mi ló dàrú ni? Ṣé Arò ni wọ́n fẹ́ mú mi lọ?"

Àwọn ènìyàn yíjú wò wá. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ní Abẹ́òkúta ni Arò, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, wà. Níbẹ̀ ni Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀, ní 1954, sí í fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé àyíká, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú tí wọ́n sì ń gbé láàárín ènìyàn. Ayé kan sáárá sí i. Síbẹ̀, èébú ni orúkọ ibẹ̀ ṣì jẹ́ lẹ́nu púpọ̀ nínú wa.

A padà sọ́dọ̀ dókítà. Kò bínú. Ó ní ẹni tí kì í padà wá béèrè ló ń ba òun lẹ́rù, nítorí irú wọn a máa ju oògùn sínú kọ́ńbọ́ọ̀dù.

"Màmá, ìrora tó bẹ̀rẹ̀ níbi ìbàdí kì í dúró síbẹ̀. Inú ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń gbà gòkè lọ sínú ọpọlọ, ọpọlọ ló ń sọ fún yín pé ó ń dùn yín. Bodè kan wà lọ́nà ibẹ̀, bíi ti ìlú láyé àtijọ́. Oníbodè lè ṣí i gbayawu, ó sì lè pa á dé díẹ̀. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló ń ránṣẹ́ sí oníbodè pé kí ó pa á dé. Nígbà tí ìrora bá pẹ́ lára, tí oorun kò sí, tí ọkàn sì ti rẹ̀, iṣẹ́ yẹn kì í jẹ́ dáadáa mọ́. Oògùn yìí ń jẹ́ kí iṣẹ́ náà pẹ́ lọ́dọ̀ oníbodè."

Ronald Melzack ará Kánádà àti Patrick Wall ará Ìlú Ọba ló gbé ọ̀rọ̀ bodè yìí kalẹ̀ ní 1965. Àwọn èròjà tó ń jẹ́ iṣẹ́ náà ni serotonin àti noradrenaline. Àwọn kan náà ni oògùn ìsoríkọ́ ń ràn lọ́wọ́. Imipramine ni àkọ́kọ́ nínú ẹbí amitriptyline. Roland Kuhn ló kíyè sí iṣẹ́ rẹ̀ lára àwọn tó sorí kọ́, ní Switzerland, láàárín ọdún 1950 sí 1960. Amitriptyline dé ọjà Amẹ́ríkà ní 1961. Kò pẹ́ tí àwọn oníṣègùn fi rí i pé ó ń rọ ìrora àwọn kan tí kò sorí kọ́ rárá. Fún ìsoríkọ́, miligíráàmù 75 sí 150 lóòjọ́ ni wọ́n sábà máa ń fún àgbàlagbà. Ti ìrora kéré sí i dáadáa. Láti 10 tàbí 25 ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

"Ṣé ọkàn yín náà ń rẹ̀ yín, Màmá?" ni dókítà wá béèrè, ó fa àga súnmọ́ wọn.

Wọn kò dáhùn kíákíá. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ni mo ń gbọ́. "Ọmọ mi," ni wọ́n wí níkẹyìn, "ẹni tí kò sùn fún ọdún kan, tí kò lè gbé àpò èlùbọ́ rẹ̀, kí lẹ rò pé ọkàn rẹ̀ á máa ṣe?"

Ó mi orí. Ó ní ìrora tó pẹ́ máa ń fa ìsoríkọ́, ìsoríkọ́ sì máa ń mú ìrora le sí i.

Mo bi í bóyá oògùn náà ń ṣiṣẹ́ ní tòótọ́. Kò bo nǹkan kan. Ní 2021, àwọn onímọ̀ kan láti Ọsirélíà kó ìwádìí 33 pọ̀ nínú ìwé ìròyìn BMJ. Ènìyàn tó lé ní 5,000 ló wà nínú wọn. Duloxetine, oògùn ìsoríkọ́ mìíràn, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dín ìrora ẹ̀yìn kù díẹ̀: nǹkan bí àmì 5 lórí òṣùwọ̀n 0 sí 100. Ti ẹbí amitriptyline kò yàtọ̀ sí ti hóró tí kò ní oògùn nínú, níbi tó bá jẹ́ ẹ̀yìn nìkan. Fún èyí tó ń ta lọ sí ẹsẹ̀, ó dà bíi pé ìrànlọ́wọ́ wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ibẹ̀ kò lágbára. Ìwádìí ẹgbẹ́ Cochrane ti 2023, tó kó ènìyàn tó lé ní 28,000 tó ní oríṣiríṣi ìrora tó ti pẹ́ jọ, rí i pé duloxetine ni ẹ̀rí tirẹ̀ dúró jù, àti pé miligíráàmù 60 tó, kò sí èrè nínú kí á lò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn aláṣẹ ìṣègùn pàápàá kò fohùn ṣọ̀kan. Ní 2010, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí duloxetine fún ìrora eegun àti ẹran ara tó ti pẹ́, ti ẹ̀yìn wà nínú rẹ̀. Ní 2017, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà fi í sípò kejì, lẹ́yìn àwọn oògùn bí ibuprofen. Ní Ìlú Ọba, NICE, àjọ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú níbẹ̀, ti sọ láti 2016 pé kí wọ́n má fi oògùn ìsoríkọ́ tọ́jú ìrora ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Ní oṣù Kejìlá 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé náà ní kí wọ́n má lò ó fún un.

"Kí ló dé tí ẹ fi kọ ọ́?"

Ó ka ìdí rẹ̀ lórí ìka. Ìrora Màmá ń ta lọ sí ẹsẹ̀. Wọn kì í sùn, oògùn yìí sì ń mú oorun wá. Ibuprofen ọjọ́ pípẹ́ ti ń ta wọ́n nínú. Duloxetine wọ́n, kò sì sí ní ilé oògùn wọn. Òun kò fẹ́ kí wọ́n dé ìdí tírámádọ́ọ̀lù. "A kàn ń dán an wò ni. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, a ó rọra dín in kù, a ó fi í sílẹ̀."

Lójú fèrèsé oògùn, ìyá tó ń ta oògùn bẹ̀rẹ̀ látòkè, ó ń fi bírò tọ́ka sí páálí bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ẹnu lè gbẹ. Ìgbẹ́ lè le. Òòyì lè kọ́ yín bí ẹ bá dìde lójijì, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ má mu ún pọ̀ mọ́ ọtí, ẹ má sì mu ọ̀pá ẹ̀yìn tí ọtí wà nínú rẹ̀. Ẹ má lo tírámádọ́ọ̀lù pẹ̀lú rẹ̀: ó lè fa gìrì, ó sì lè mú kí ara gbóná kí ó máa gbọ̀n dé ibi tó léwu. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn, àìsàn ojú glaucoma, tàbí bàbá tí ìtọ̀ ń ṣòro fún gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kí ó tó gbà á. Àwọn àgbàlagbà tó ti lé ní ọdún 65 lè ṣubú nítorí rẹ̀. Ẹ gbé e jìnnà sí ọmọdé: bí ó bá pọ̀ jù lára, ó lè dá ọkàn dúró.

"Ẹ má sì dá a dúró fúnra yín lọ́jọ́ kan ṣoṣo," ló fi kún un. Ìyá Elélùbọ́ gba páálí náà, wọ́n sọ ọ́ sínú àpò, wọ́n fa síìpù rẹ̀ pa.

Ilé àwọn físíò wà ní ìkángun ọgbà. Òórùn ìpara gbígbóná àti òógùn ló kún inú gbọ̀ngàn náà, rédíò kékeré kan ń ka ìròyìn lórí fèrèsé, àwọn ìyá àti bàbá bíi mẹ́wàá sì nà gbalaja lórí ẹní rọ́bà, wọ́n ń gbé ìdí sókè, wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, àwọn kan ń ké ìrora. Láti 1966 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ yìí. Obìnrin tó gbà wá kọ́kọ́ tú bẹ́líìtì ìbàdí ìyá náà.

"Ẹ máa wá fi èyí sílé, Màmá. Iṣan yín ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀."

Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ti 2023 náà nìyẹn: ìdárayá, ìlanilọ́yẹ̀ àti ìtọ́jú èrò ọkàn ni kí á lò; kí á má lo bẹ́líìtì, kí á má sì lo tírámádọ́ọ̀lù àti ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe tẹ̀ láti ìgbáròkó, kí ẹrù sún mọ́ ara, kí wọ́n sì pín àpò èlùbọ́ sí méjì kí wọ́n tó gbé e. Ìyá Elélùbọ́ tẹ̀, wọ́n dúró láàárín, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n tún tẹ̀. Aṣọ wọn ti rin gbingbin nígbà tí wọ́n máa fi ṣe tán. "Ẹ má bẹ̀rù ẹ̀yìn yín," ni obìnrin náà ń sọ. "Dídùn rẹ̀ kò ní kó tú."

Lọ́jọ́ tí wọ́n padà wá fún àyẹ̀wò, mo bá wọn lórí ìlà. Ike omi wà lọ́wọ́ wọn. Ẹnu ń gbẹ, wọ́n ń fi omi tọ́ ọ. Wọ́n ní oorun ti ń wá. Títa ẹsẹ̀ ti dín kù. Ẹ̀yìn ṣì ń dùn wọ́n láàárọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń tẹ̀ bu èlùbọ́ fúnra wọn. Mo béèrè èyí tó ṣiṣẹ́, oògùn ni àbí ìdárayá.

"Ta ló mọ̀? Méjèèjì ni mo ń ṣe. Èyí tí mo mọ̀ ni pé mi ò lọ Arò." Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Dókítà ní kí wọ́n máa lò ó díẹ̀ sí i, kí àwọn jọ tún un gbé yẹ̀ wò.

Ẹ̀yin tí ẹ̀yìn ti ń dùn fún oṣù mélòó kan, bí dókítà bá kọ oògùn ìsoríkọ́ fún yín, èébú kọ́ ni, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ẹ bi í ní ìdí tó fi yàn án, ìgbà tó yẹ kó ti ṣiṣẹ́, àti bí ẹ ó ṣe fi í sílẹ̀ bí kò bá ṣiṣẹ́. Ẹ sọ gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rá dúdú yín fún un, agbo àti ọtí pẹ̀lú. Ẹ má rà á fúnra yín ní kẹ́míìsì, ẹ má fi èyí tó kù fún aládùúgbò yín, ẹ má sì já a dúró lójijì. Bí ìtọ̀ bá ń bọ́ láìmọ̀, tí abẹ́ bá kú tipiri, tàbí tí ẹsẹ̀ kò bá lágbára mọ́, ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.